Bí àgbàlagbà tó ní ADHD ṣe lè ṣètò ọjọ́ rẹ̀: ohun tí ẹ máa lò, bí ẹ ṣe máa lò ó, àti ibi tó ti máa ń bàjẹ́

"Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó wù mí ṣe. Àmọ́ ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, n ò ní ṣe é." Bí àwọn tó ń béèrè bí wọ́n ṣe lè ṣètò ọjọ́ wọn ní Ìbàdàn ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Sẹkitéríàtì, télọ̀ ní Mọ́kọ́lá tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó. Wọ́n ti ra dáyárì, wọ́n ti búra, wọ́n ti gbààwẹ̀. Kí ló kù?

Ẹ jẹ́ kí èyí kọ́kọ́ yé wa: ADHD (attention deficit hyperactivity disorder, ìyẹn ìṣòro àìlèpọkànpọ̀ àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́) kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àìní ẹ̀kọ́ ilé. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ láti kékeré ni. Ẹni tó ní i lè jókòó ti ohun tó fẹ́ràn láti àárọ̀ dalẹ́, kó má sì lè fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó máa ń ṣòro fún un láti rántí ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ etí, láti mọ bí àkókò ṣe ń lọ, láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò dùn, àti láti dá ọwọ́ dúró kó tó ná owó. Fífi agbára mú orí kò lè yanjú èyí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ gbé ìrántí kúrò lórí, kí ẹ gbé e síbi tí ojú tàbí etí á ti bá a pàdé ní àsìkò tí ẹ nílò rẹ̀ gan-an.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí lọ́jọ́ kan. Bó bá jẹ́ pípẹ́ dé ibi iṣẹ́ ló fẹ́ lé yín lọ, ẹ kọ́kọ́ mú abala àkókò. Bó bá jẹ́ gbèsè, ẹ lọ sí abala owó. Ẹ mú ẹyọ kan tàbí méjì, kí ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó fi òmíràn kún un.

## Kí ẹ tó sọ pé ADHD ni

Gbogbo èèyàn ló ń gbàgbé nǹkan. Ohun tí dókítà máa wò nìyí:

1. Àmì 5 ó kéré tán nínú 9 tó jẹ mọ́ àìlèpọkànpọ̀, tàbí 5 nínú 9 tó jẹ mọ́ àìlèjókòó jẹ́ẹ́ àti ìwàǹwára, tó ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán.
2. Díẹ̀ nínú àwọn àmì náà ti wà kí ẹ tó pé ọmọ ọdún 12.
3. Wọ́n ń hàn ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ: nílé àti níbi iṣẹ́, tàbí ní iléèwé àti láàárín ọ̀rẹ́.
4. Wọ́n ń ba nǹkan jẹ́ fún yín ní ti gidi, kò sì sí àìsàn mìíràn tó lè fa irú rẹ̀.

Ìwé ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní ASRS, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé lọ́wọ́ sí. Ìbéèrè 18 ló wà nínú rẹ̀. 6 àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò kíákíá. Ẹ lè dáhùn rẹ̀ fúnra yín, àmọ́ kìkì ohun tó lè sọ ni bóyá ó yẹ kí ẹ lọ rí dókítà.

Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH (University College Hospital) ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ lè kọ́kọ́ rí dókítà ní ẹ̀ka aláìsàn tó ń wá láti ilé, kó kọ̀wé gbé yín lọ síbẹ̀. Ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta náà wà fún ẹni tó bá rọrùn fún. Àwọn kan ń sá fún ibẹ̀ nítorí ohun tí aráyé á sọ, ó sì ń dun èèyàn, torí dókítà tó ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ dàrú náà ló ń tọ́jú ẹni tí kò rí oorun sùn.

Ẹ kó ìwọ̀nyí dání lọ:

- Káàdì èsì ìdánwò iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bó bá ṣì wà. Ohun tí tíṣà kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ wúlò ju máàkì lọ.
- Ẹnì kan tó mọ̀ yín láti kékeré, bíi ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tàbí nọ́ńbà fóònù rẹ̀.
- Orúkọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò.
- Àpẹẹrẹ mẹ́ta tí ẹ kọ sílẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tó ná yín.

Ìkìlọ̀: àìsùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àníyàn, àìtó ẹ̀jẹ̀, àìsàn tírọ́ìdì, igbó, ọtí, àti kí èèyàn máa hanrun kí èémí sì máa dá dúró lójú oorun, gbogbo wọn lè fara jọ ADHD. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ pé ọmọ ọdún 35 ni ìgbàgbé yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí kò sí àmì kankan ní kékeré, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà gbangba, kó lè wá ohun mìíràn.

## Ìwé kan ṣoṣo

1. Ẹ ra ìwé kékeré tó wọ àpò, kí ẹ fi okùn so bírò mọ́ ọn.
2. Gbàrà tí ẹnu yín bá ti sọ pé "màá ṣe é", ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó kúrò lójú kan náà. "Mi ò ní gbàgbé" ni gbólóhùn tó ń dá gbèsè sílẹ̀ jù.
3. Láràárọ̀, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun, kí ẹ mú ohun mẹ́ta nínú gbogbo ohun tí ẹ ti kọ. Mẹ́ta péré. Èyí tó máa dá wàhálà sílẹ̀ lónìí bí ẹ ò bá ṣe é ni kó ṣáájú.
4. Ohun tí ẹ bá ti gbé láti ojú ìwé kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mẹta láìṣe é, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn, tàbí kí ẹ fagi lé e.

Bí ìwé bá ń sọnù lọ́wọ́ yín, ẹ lo WhatsApp láti fi ọ̀rọ̀ tàbí ohùn ránṣẹ́ sí ara yín. Ọ̀kan ni kí ẹ yàn. Áàpù mẹ́ta, bébà lára fíríìjì, àti nọ́ńbà tí ẹ kọ sí àtẹ́lẹwọ́, kò sí bí ìyẹn ò ṣe ní dàrú kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Fún télọ̀ àti ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà: kò gbọdọ̀ sí aṣọ kankan tó máa wọ ṣọ́ọ̀bù láìsí bébà tí ẹ fi píìnì gún mọ́ ọn. Orúkọ, ọjọ́, owó tó kù. Ọjọ́ tí ẹ máa kọ sára bébà gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ẹ dá fún oníbàárà.

## Àkókò

Lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ADHD, ohun tó bá ti jìnnà ju wákàtí méjì lọ dà bíi pé ọdún tó ń bọ̀ ni, títí tó fi máa yọ lójijì. Kí ẹ máa fojú bu àkókò ò lè ran yín lọ́wọ́. Kí ẹ wọ̀n ọ́ ló kù.

1. Ẹ wọ̀n ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ wọ balùwẹ̀ àti ìgbà tí ẹ wọ bàtà. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ jáde nílé àti ìgbà tí ẹ dé ibi iṣẹ́ gan-an. Ẹ ka ìdúró de ọkọ̀ Micra mọ́ ọn. Láti Challenge dé Sẹkitéríàtì ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú aago mọ́kànlá ọ̀sán.

2. Ẹ ka àkókò sẹ́yìn. Ká ní ìpàdé jẹ́ aago 10:00 ní Sẹkitéríàtì, Agódi. Ẹ fẹ́ dé ní 9:50. Ìrìn àjò tí ẹ wọ̀n jẹ́ ìṣẹ́jú 50, ó di 9:00. Ẹ fi ìṣẹ́jú 15 sílẹ̀ fún sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ó di 8:45. Ìwẹ̀ àti aṣọ wíwọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 40, ó di 8:05. Aago 8:05 yìí ni ìpàdé yín bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe aago mẹ́wàá.

3. Ẹ ṣètò àláámù mẹ́ta. 8:05: "Wọ balùwẹ̀." 8:35: "Wọ bàtà, gbé báàgì." 8:45: "Ti ilẹ̀kùn." Ẹ kọ ohun tí ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ máa ṣe sára àláámù náà. Àláámù tó kàn sọ pé "ìpàdé" kò ní kí ẹ dìde.

4. Ẹ gbé fóònù síbi tí ẹ máa rìn dé kí ẹ tó lè pa á. Bí ọwọ́ bá ti ń pa á láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹ yí ìró rẹ̀ padà. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, etí á ti mọ́ ọn lára, kò sì ní gbọ́ ọ mọ́.

5. Láàárín àláámù kejì sí ìkẹta, ẹ má bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ẹ má dáhùn ọ̀rọ̀ lórí WhatsApp, ẹ má fọ abọ́ kan ṣoṣo yẹn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pẹ́, kì í ṣe lójú títì.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ò ṣe é fojú fò. Bí fóònù bá kú lóru, ètò yín kú. Ẹ wá fóònù kékeré olórí tọ́ọ̀ṣì, tí bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ fi í ṣe fóònù àláámù nìkan. Kò nílò káàdì síìmù. Ẹ gbé aago ògiri ọlọ́wọ́ (èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí) tó ń lo bátìrì kọ́ sínú balùwẹ̀ àti ilé ìdáná. Aago ọlọ́wọ́ máa ń jẹ́ kí ojú rí bí àkókò ṣe ń tán, nọ́ńbà orí fóònù kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí owó ò sí nínú rẹ̀: ìpè àdúrà. Àdúgbò tí ẹ ò ti ní gbọ́ ọ kò pọ̀ ní Ìbàdàn. Ì báà ṣe pé mùsùlùmí ni yín tàbí ẹ kì í ṣe é, ẹ so yíyẹ ìwé yín wò mọ́ ìpè àìlà àti ti àsárì. Bí ìpè bá ti dún, ẹ ṣí ìwé. Àmọ́ àsìkò ìpè ń yí díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún, nítorí náà ẹ má fi dá àdéhùn tó ní aago pàtó.

## Iṣẹ́ tí ọwọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀

1. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí kò ní gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. "Kọ ìjábọ̀ oṣù" ti tóbi jù. "Ṣí fáìlì oṣù tó kọjá, yí orúkọ oṣù padà" ṣe é ṣe.
2. Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀: "Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù tán, kí n tó gbá ilẹ̀, màá gé aṣọ kan."
3. Ẹ gbé fóònù fún ẹlòmíràn tàbí sí yàrá kejì. Kí ẹ kàn dojú rẹ̀ dé kò tó.
4. Ẹ ṣètò ìṣẹ́jú 15. Bó bá ti mọ́ yín lára, ẹ gbé e dé 25. Ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5 lórí ìdúró, láìmú fóònù.
5. Èrò mìíràn tó bá wọlé, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ má lọ ṣe é nísinsìnyí.

Bí gbogbo èyí bá kọ̀, ẹ wá ẹni tó máa jókòó tì yín. Kò ní bá yín ṣe iṣẹ́ náà, kò sì ní máa sọ̀rọ̀. Tirẹ̀ ni òun náà máa ṣe. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ni pé wíwà ẹlòmíràn ń dá ara dúró síbi iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lọ sí Kenneth Dike Library ní UI, kó jókòó síbi tí àwọn tó ń kàwé pọ̀ sí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé lè pe ọ̀rẹ́ lórí fóònù, kí àwọn méjèèjì gbé e sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: kí ẹ máa dúró de ìgbà tó máa wù yín ṣe. Òmíràn ni kí ẹ fi gbogbo àárọ̀ ṣe iṣẹ́ kéékèèké kí ọkàn lè balẹ̀ pé ẹ ṣe nǹkan. Ìkẹta ni ìrì-sínú-iṣẹ́ lóru: ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, nígbà tí ẹ máa gbójú sókè, ìpè àsùbáà ti ń dún, ọjọ́ kejì sì ti bàjẹ́. Àláámù "Dáwọ́ dúró, lọ sùn" ṣe pàtàkì bíi ti àárọ̀.

## Owó

Ìwàǹwára àti fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù kò gbọdọ̀ pàdé. Ẹ ṣe é kó ṣòro díẹ̀ kí owó tó lè jáde.

- Ẹ ṣí àkáǹtì kejì tí kò ní káàdì ATM, tí kò sí lórí áàpù, tí ẹ ò sì so mọ́ nọ́ńbà fóònù fún ìfowóránṣẹ́. Ẹ sọ fún báńkì kó máa gbé owó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé.
- Owó ilé ọdọọdún: ẹ fi 10 pín in, ẹ má fi 12 pín in. Bí ilé bá jẹ́ ₦360,000, ẹ máa yọ ₦36,000 lóṣù. Oṣù méjì tó kù ni ti ìgbà tí ẹ bá gbàgbé.
- Ẹ ra káàdì iná mítà ní ọjọ́ owó oṣù gan-an.
- Ṣé ẹ fẹ́ lọ sí ọjà Bódìjà? Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ rà, ẹ mú owó lọ́wọ́, kí ẹ fi káàdì sílé.
- Ohun tí kò sí nínú ìwé tó ṣàdédé wù yín, ẹ kọ orúkọ àti iye rẹ̀, kí ẹ sun oorun ọjọ́ méjì lé e.

Fún ẹni tó ń ta ọjà, alájọ ojoojúmọ́ dára ju kóló lọ. Ẹ lè fọ́ kóló lóru, àmọ́ alájọ máa ń wá dúró níwájú yín lójoojúmọ́. Ó máa ń mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ẹ lo ẹni tí àwọn aládùúgbò ti mọ̀ fún ọdún pípẹ́, kí káàdì máa wà lọ́wọ́ yín, kó sì máa fọwọ́ sí i lójú yín.

Ìkìlọ̀: ẹ yọ áàpù tẹ́tẹ́ àti ti owó yíyá kíákíá kúrò lórí fóònù pátápátá. Ìpinnu pé ẹ kàn máa wò ó kì í dúró pẹ́.

## Áyọ́ọ̀nù, gáàsì àti kọ́kọ́rọ́

Ewu áyọ́ọ̀nù ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ìgbàgbé nìkan. Iná á lọ nígbà tí ẹ ń lọ aṣọ, ẹ á bá tiyín lọ, iná á sì dé nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Bí iná bá ti lọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ògiri kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnu ẹ̀rọ omi tí ẹ ṣí tí kò mú omi wá.

Bí ìkòkò bá wà lórí gáàsì tí ẹ gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ mú orógùn dání. Orógùn lọ́wọ́ nínú pálọ̀ á rán yín létí. Ẹ ṣètò àláámù pẹ̀lú.

Ẹ kan ìṣó kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn fún kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ nìkan ni kó máa wà. Ẹ fi kejì pamọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò tí ẹ fọkàn tán. Ẹ lẹ bébà yìí mọ́ ilẹ̀kùn níbi tí ojú dé: *fóònù, kọ́kọ́rọ́, owó, oògùn, áyọ́ọ̀nù, gáàsì.*

## Oògùn, obì àti oorun

Methylphenidate àti atomoxetine wà lára oògùn tí dókítà máa ń kọ fún ADHD. Ti àkọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Atomoxetine máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sábà máa ń tó 4 sí 6, kí ẹ tó lè sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló ń jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì nítorí wọn ò mọ̀.

- Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àti lẹ́yìn náà pẹ̀lú. Oògùn méjèèjì lè gbé wọn sókè.
- Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ní àìsàn ọkàn, glaucoma (àìsàn ojú tó lè fọ́ni lójú), tàbí bí ẹ bá lóyún.
- Ẹ jẹun kí ẹ tó lo methylphenidate, torí ó lè pa ebi. Ẹ fi oúnjẹ gbe atomoxetine bó bá ń rìn yín lọ́kàn, ẹ má sì ṣí kápúsù rẹ̀.
- Ẹ má fi eyín rún oògùn tí iṣẹ́ rẹ̀ ń pẹ́ lára, ẹ má sì lọ̀ ọ́.
- Kì í ṣe gbogbo ilé oògùn ló ń tà wọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn nígbà tó bá ku ọjọ́ 10. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń polówó oògùn nínú mọ́tò.
- Ẹ má fún ẹlòmíràn lò, kódà bó bá jẹ́ ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB.

Àwọn kan ń fi igbó, ọtí tàbí tramadol mú orí rọlẹ̀. Ó ń bà á jẹ́ sí i, ó sì léwu gidi pẹ̀lú oògùn. Obì ní kaféènì (ohun tó ń lé oorun lọ) nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni kọfí àti ohun mímu agbára (energy drink). Ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Ẹ máa rìn kíákíá fún ìdajì wákàtí láràárọ̀. Bí ẹ bá rí onímọ̀ ìrònú tó ń ṣe CBT (ìtọ́jú nípa ọ̀rọ̀ sísọ tó ń kọ́ èèyàn láti yí èrò àti ìṣe rẹ̀ padà) fún ADHD, ó máa ń ran oògùn lọ́wọ́.

## Ohun tí ẹ máa sọ fún àwọn èèyàn yín

Kò pọn dandan kí ọ̀gá mọ̀ pé ADHD ni. Ẹ béèrè ohun tí ẹ nílò: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ sórí WhatsApp kí n má baà ṣì í ṣe."

Ní ilé, ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni "mo ti sọ fún ẹ". Ìyàwó tó ní ADHD lè sọ pé: "Bàbá Tóbi, ẹ má bá mi sọ ọ́ láti yàrá. Ẹ wá sọ́dọ̀ mi, ẹ sọ ẹyọ kan, kí n tún un sọ fún yín." Ẹ jókòó papọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú fún ìṣẹ́jú 15 láti pín iṣẹ́ ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá gbà, ẹ gbà á tán: ẹni tó ń fọ aṣọ náà ni kó ká a. Ìdajì iṣẹ́ ni ADHD máa ń gbé mì.

## Bí ètò bá wó

Ó máa wó. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ohun tuntun á ti di àtijọ́, ọpọlọ ò sì ní kà á sí mọ́. Ìwé, àláámù tàbí ibi ìjókòó nìkan ni kí ẹ pààrọ̀, kí ẹ fi ètò fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti parí ohun tí ẹ pa tì. Ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní pẹ̀lú ìwé kan àti àláámù mẹ́ta.

Bó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ohunkóhun ò dùn mọ́ yín, tí oorun àti oúnjẹ ti yí padà, ó lè jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní ADHD. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá sì jẹ́ pé èrò pé ó sàn kí ẹ má sí láyé ló ń wá, ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì UCH tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dá lọ. Ẹ pe ẹnì kan kó tẹ̀ lé yín.